Ẹni Tí Ó Ń Fèsì sí Lẹ́tà Mi

Òórùn oúnjẹ adìyẹ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Yàrá tí a ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ìkàrẹ́, pátákó fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló sì dá àwa àti àwọn àpò àgbàdo lílọ̀ àti ẹja gbígbẹ sí méjì. Bí oòrùn bá ti mú páànù dáadáa, òórùn náà á rọra wọlé wá bá wa, á sì tẹ̀ lé wa délé nínú aṣọ. Àwa mọ́kànlélógún tí a ń jókòó síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ti gbé gbogbo wa ṣánlẹ̀ nínú ìdánwò àṣejáde rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé èmi ṣánlẹ̀. Mo fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, mo ti yege nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé láìsí Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni tó se ọbẹ̀ tí kò fi iyọ̀ sí i ni.

Tíṣà wa jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ máa ń há, tí kì í sì í jókòó. Oṣù yẹn, lẹ́tà gbẹ̀fẹ́, lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ àti ímeèlì ló ń fi kọ́ wa, nítorí ó ní ibẹ̀ ni máàkì wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó gbé ìwé mi sókè, ó kà á tán, ó wò mí.

"Ta ni o kọ èyí sí?"

"Ọ̀rẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, mà."

"O ní ọ̀rẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù?"

"Rárá, mà."

"Ó hàn. Ẹni tí kò sí ni o ń kọ̀wé sí, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà rẹ fi tutù bí ẹ̀bà àná. Wá ẹni tí o ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Kọ ímeèlì sí i, kí o sì fi ránṣẹ́ ní tòótọ́."

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ó ti kúrò nílé wa ní Ọ̀kà. Bàbá wa jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìntì, bí ó bá sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù ni, ọ̀kan kò ní wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ mọ ọkọ̀ tún ṣe, ó mọ rédíò tú palẹ̀, ó mọ̀ ọ́n tò padà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló jókòó fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló já. Lọ́jọ́ tí èsì ẹlẹ́ẹ̀kẹta jáde, bàbá wa gbé síbí kalẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó ní, "Ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé, tí kò lè kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ìtìjú lo jẹ́ fún mi." Ẹ̀gbọ́n mi jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó fọ àwo rẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí òun àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìkàrẹ́ fi wọkọ̀ lọ sí Kánò, wọ́n ní àwọn ń gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Ítálì. Ó pè wá láti Kánò. Ó tún pè lẹ́ẹ̀kan láti ibì kan tí afẹ́fẹ́ ti ń hó sínú fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà ni ilé wa ti dákẹ́. Ìyá mi ń ra iṣu ní Ìpè, ó ń kó o wá tà ní Ìkàrẹ́, ó sì ń gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú kí Ọlọ́run lè gbé ọmọ rẹ̀ débi tó ń lọ ní àlàáfíà. Bàbá mi kò fọwọ́ kan ìwé mi mọ́. Nígbà tí mo já Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kìn-ín-ní, kò bínú. Nígbà tí mo já a lẹ́ẹ̀kejì, ó kàn wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn bí ó ṣe máa ń tì í ní gbogbo ọ̀sán. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ mi ti sú u ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì kan tí wọ́n bá a ṣí nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Mo ṣì ní in nínú ìwé kan. Mo jókòó sórí àga gbọọrọ nínú òórùn ẹja gbígbẹ yẹn, mo kọ̀wé sí i ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ fún un pé ajá wa ti kú, pé ìyá wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, pé mo ń tún ìdánwò ṣe, pé ẹ̀rù ń bà mí kí n má ṣe bíi tirẹ̀. Mo yá dátà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, ọmọbìnrin kan láti ìlú Etioro, mo fi í ránṣẹ́. Ọkàn mi fúyẹ́, bí ẹni tó ju òkúta sínú kànga tí kò retí kí kànga dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo wà nínú ọkọ̀ láti Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́, àwa mẹ́rin fún pọ̀ lẹ́yìn, nígbà tí fóònù mi dún. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. Gẹ̀ẹ́sì ni, ó mọ́ gaara, kò sì gùn:

"Àbúrò mi ọ̀wọ́n, mo rí lẹ́tà rẹ. Mo wà. Ọ̀rọ̀ ajá náà dùn mí. Wo ìpínrọ̀ kejì dáadáa, o ti da ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá pọ̀ mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lónìí. Tún un kọ, kí o fi ránṣẹ́ padà."

Mo kà á títí ọkọ̀ fi dé Ìkàrẹ́, n kò mọ̀ pé a ti dé. Ó yẹ kí n pariwo ayọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe mí kò jọ ayọ̀. "Mo wà." Ta ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀? Àti pé ẹni tó já Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà wo ló di ẹni tó ń tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà nínú rẹ̀?

Mo tún un kọ. Ó fèsì. Mo kọ òmíràn, ó tún fèsì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó kọ́ mi ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì ń jókòó sí nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́. Ó kọ́ mi pé ẹni tó bá ń kọ ímeèlì gbọ́dọ̀ fi àkọlé rẹ̀ sọ ohun tó ń wá, kí ó má fi àkókò ẹni tó ń kà á ṣòfò. Tíṣà wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé mi sókè fún kíláàsì. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, n óò kọ́kọ́ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí n tó kà á.

Ọ̀rọ̀ ikọ́ ìyá mi ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí gidi. Ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ní ọjọ́ Ajé, èsì wọlé, ó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Sọ fún ìyá wa kí ó fi ààwẹ̀ Ọjọ́rú yìí sílẹ̀. Ikọ́ yẹn kò dára pẹ̀lú inú òfìfo." N kò kọ nǹkan kan nípa ikọ́. Mo wá gbogbo lẹ́tà mi láti òkè délẹ̀, n kò rí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìjì jà ní Ọ̀kà, ó ká páànù kan lórí ilé ìdáná wa, ó gbé e jù sẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ kò tíì gbẹ lọ́jọ́ kejì tí èsì fi dé: "Ẹ gbé páànù yẹn kúrò níbẹ̀, kí ìṣó rẹ̀ má bàa gún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń gun òkè bọ̀ wálé, n kò lè wo àwọn àpáta tó yí wa ká. Ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn, tí ó gba orúnkún mọ́ra, tí ó ń wo ẹ̀yìn ilé wa. Kùrukùru á bo òkè náà láàárọ̀, èmi á sì yára wọlé kí ó tó ká.

Mo fi àwọn ímeèlì náà han ọ̀rẹ́ mi ọmọ Etioro. Ó kà wọ́n, ó dá fóònù padà fún mi bí ẹni tí ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti gbọ́ nípa akúdàáyà rí?" ló bi mí. "Ẹni tó ti kú, tó wá lọ ń gbé ní ìlú mìíràn, tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń ṣiṣẹ́?"

"Ìtàn àwọn ìyá àgbà nìyẹn."

"Ó dára. Ṣùgbọ́n má bi í léèrè ibi tó ń gbé o. Ọjọ́ tí ará ilé wọn bá bi wọ́n ni wọ́n máa ń pòórá."

Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ n kò bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè.

Ohun kan tí mo wá rò lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ló fọ́ mi lójú. Bí ó bá jẹ́ pé èdè Ọ̀kà wa ni a fi ń kọ̀wé ni, gbólóhùn kan péré ni n óò kà tí n óò fi mọ ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò, ohùn gbogbo wa jọra. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́ bí aṣọ ilé-ìwé.

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Ní Ọjọ́rú kan tí ìyá mi wúkọ́ títí tó fi jókòó sílẹ̀, tí ó sì kọ̀ láti jẹun, mo sọ fún un. Mo ní, "Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ jẹun. Ó kọ̀wé sí mi." Ìyá mi dìde, ó jó. Obìnrin tí kò lè mí dáadáa, ó jó yí iná ìdáná ká. Ní ọjọ́ Ìsinmi ó dìde níwájú ìjọ, ó jẹ́rìí pé ọmọ òun wà láàyè, ó sì ṣèlérí ìdúpẹ́ ńlá ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìjọ hó. Mo wo apá ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, mo rí bàbá mi. Gbogbo ènìyàn ló dìde dúró, òun nìkan ló jókòó, ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un.

Ìyá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Ìlú wo ló wà? Ta ló ń se oúnjẹ fún un? Nígbà wo ló ń bọ̀? Nígbà tí n kò rí ọ̀nà sá sí mọ́, mo kọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ wà gan-an?"

Kò fèsì. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Mo kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ pé "ṣé mo sọ fún ọ," ó kàn ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin, bí ẹni tó mọ̀ pé mo fi ọwọ́ ara mi lé ẹnì kan lọ. Ẹ̀rù ìdánwò kò bà mí mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo ti pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣe ìdúpẹ́ náà. Òjò ọ̀sán kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, n kò lọ sí kíláàsì, ìyá mi sì ti lọ sí Ìpè. Ilé pa rọ́rọ́, àfi omi tó ń kán láti etí páànù. Mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ẹ má bínú, n kò ní béèrè mọ́." Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Mo gbọ́ súfèé.

Ìwọ kò mọ súfèé yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Òun ló fi ń pè mí láti ìsàlẹ̀ òkè nígbà tí a wà ní kékeré, ohùn mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn á gòkè fíofío. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á sínú fóònù rẹ̀, kí ó máa dún bí iṣẹ́ bá wọlé. Ọdún márùn-ún nìyí tí n kò ti gbọ́ ọ. Láàárín ilé wa ni mo ti gbọ́ ọ lọ́sàn-án gangan, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi.

N kò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé mi dé ibẹ̀. Mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn, ó ṣí. Bàbá mi jókòó sí etí ibùsùn, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, awò ojú rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú, fóònù ẹ̀gbọ́n mi tí ojú rẹ̀ ti là wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbìyànjú láti fi í pamọ́.

"Wọlé," ni ó wí. "Ti ilẹ̀kùn."

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi dà?"

Ó yọ awò rẹ̀. "Ọdún tó kúrò nílé náà ló kú. Ọdún kẹta rèé tí mo ti mọ̀."

Ó ní ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ ló padà wá, tó dúró de òun lẹ́bàá ọ̀nà ní ọjọ́ kan, tó sì kó fóònù náà àti ṣẹ́ẹ̀tì kan lé òun lọ́wọ́. Ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́ nínú aṣálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló wọ abẹ́ rẹ̀ láti tún un ṣe, ọjọ́ méjì ló fi tún un ṣe, ọkọ̀ náà sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n omi ti tán, ara ẹ̀gbọ́n mi kò sì gbádùn mọ́. Wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọkọ̀ tó tún ṣe gbé àwọn yòókù lọ.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

"Kí ni kí n wí fún ìyá rẹ? Pé ẹnu mi ló lé e lọ?" Ó ń fi ìka nu ojú fóònù náà. "Mo máa ń tan án lọ́sàn-án, kí n kàn wò ó. Lẹ́tà rẹ wá wọlé. Mo fẹ́ pa á dé. Ṣùgbọ́n mo ti rí àṣìṣe mẹ́rìnlá nínú rẹ̀. Mo ní kí n sọ ọ̀kan péré fún ọ."

"Ẹ jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá. Ẹ ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń jẹ́rìí."

"Mo jókòó," ni ó wí. "Mo gbọ́."

Ó bẹ̀ mí kí a dúró títí n óò fi ṣe ìdánwò tán. Mo kọ̀. N kò tíì kọ̀ fún bàbá mi rí láyé mi. Mo ní, "Wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́."

Nígbà tí ìyá mi dé láti Ìpè, bàbá mi jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì sọ fún un fúnra rẹ̀. Ìyá mi ń kó iṣu sílẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kò dúró. Ó ń to iṣu náà lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀bá ògiri títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Ta ló gbẹ́ ilẹ̀?" ló béèrè.

"Àwọn tí wọ́n jọ lọ."

"Ṣé wọ́n gbàdúrà?"

"Wọ́n gbàdúrà."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ wá ń wò mí, Bàbá wọn. Ọdún mẹ́ta, mò ń gbààwẹ̀, ẹ ń wò mí." Igbe tó ké lẹ́yìn náà ló kó àwọn ará àdúgbò wọ ilé wa.

Oṣù mẹ́ta ni kò fi bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Yàrá mi ló ti ń sùn. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé ó ní kí n máa ka àwọn lẹ́tà náà fún òun, kí n máa túmọ̀ wọn sí èdè Ọ̀kà. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ó tó lọ sọ́jà, n óò ka ọ̀kan. Nígbà tí a dé ibi ọ̀rọ̀ ikọ́, ó dá mi dúró.

"Ó rí i pé mò ń wúkọ́?"

"Bàbá rí i, Màmá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó bu àkàmù, ó gbé e síwájú ilẹ̀kùn bàbá mi, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì kúrò níbẹ̀.

Èmi ṣe ìdánwò náà ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a gbọ́ ìròyìn ikú. Nínú àwọn ìbéèrè, ọ̀kan ní kí a kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun, kí a sọ bí ilé ṣe rí fún un. Mo fò ó. Mo kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nípa omi ẹ̀rọ, pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì méjì, gbogbo rẹ̀ wà ní àyè rẹ̀. Mo yege. Bàbá mi ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "O ṣe é," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún tí kò sun ní ọdún mẹ́ta náà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Mo ti di nọ́ọ̀sì. N kò gbàgbọ́ nínú akúdàáyà, n kò sì lè sọ fún ọ pé n kò gbà á gbọ́, nítorí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òkú kan kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tọ́jú ìyá wa, ó sì rántí páànù ilé ìdáná. Bàbá mi kò rí ọ̀nà tí yóò fi bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, ó yá ẹnu ọmọ tó fi ẹnu lé lọ. N kò lè pe ìyẹn ní irọ́ pátápátá. N kò sì lè dárí jì í pátápátá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀. Níbi iṣẹ́ wa, bí aláìsàn bá kú, àwọn ẹbí á máa kó ara wọn jọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ má tíì sọ fún Màmá. Ẹ jẹ́ kó jẹun ná. Ẹ jẹ́ kó sinmi ná." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á wá mi wá. Mo máa ń fa àga sún mọ́ ìyá náà, n óò jókòó kí ojú mi lè bá ojú rẹ̀ dọ́gba, n óò sì fi èdè tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, bí mo bá gbọ́ ọ, sọ fún un pé èèyàn rẹ̀ ti kú.